Ọgbọ̀n Ìṣẹ́jú Tí Ìyá Mi Ń Wá

Ẹni tó bá sọ fún yín pé eré sísá ò gba nǹkan kan lọ́wọ́ èèyàn, pé ẹsẹ̀ méjì àti bàtà lásán náà ni, ẹ dákun, ẹ bi í pé ta ló ń po ògì nílé rẹ̀. Ta ló ń wẹ ọmọ? Ta ló ń di oúnjẹ fún ẹni tó máa jáde kí ilẹ̀ tó mọ́? Tó bá ní ìyàwó òun ni, ẹ má wulẹ̀ bá a jiyàn, ẹ fi í sílẹ̀ kó máa sáré rẹ̀ lọ. Ìyàwó yẹn gan-an ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ìyàwó yẹn ni ìyá mi, ọdún tí mò ń wí yìí sì ni ọdún tí wọ́n ń wá ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kiri inú ilé wa ní Ṣàngótẹ̀dó bí ẹni ń wá abẹ́rẹ́ tó bọ́ sínú iyanrìn. Kò sí ẹnì kan nínú wa tó bá wọn wá a. Èmi ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mo tún wá ba ọ̀rọ̀ jẹ́ pátápátá.

Yàrá méjì àti pálọ̀ kan la ní nínú ọgbà tí ayálégbé mẹ́rin ń gbé. Bí mo bá dijú báyìí, etí mi ṣì ń gbọ́ bí ilẹ̀ ṣe máa ń mọ́ níbẹ̀. Ìpè àdúrà láti mọ́ṣáláṣí ló ń kọ́kọ́ wọlé, lẹ́yìn rẹ̀ ni ikọ́ Ìyá Ẹ̀pẹ́, lẹ́yìn ikọ́ ni omi búùtà tí wọ́n fi ń ṣe àlùwàlá. Ìyá Ẹ̀pẹ́ ni ìyá tó bí bàbá mi. Láti Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n ti wá bá wa gbé, wọ́n sì kó ohùn Ẹ̀pẹ́ wọn dání wá, tó fi jẹ́ pé bí wọ́n bá ń bínú, ìdajì ọ̀rọ̀ wọn ló ń yé mi. Bí wọ́n bá ti kírun tán, ògì gbígbóná ló kù. Kì í ṣe ògì tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ o. Gbígbóná, tí ṣíbí ń rú èéfín. Bó bá ti tutù díẹ̀ báyìí, wọ́n á gbé abọ́ sọ̀ kalẹ̀, wọ́n á ní, "Ìyàwó, ògì yìí ti ń ronú." Bàbá mi ní tiwọn, bọ́ọ̀sì tó ń kó òṣìṣẹ́ lọ sí ọ́fíìsì ńlá kan ní Igbó Ẹfọ̀n ni wọ́n ń wà. Wọ́n gbọ́dọ̀ ti jáde kí ojú ọ̀nà tó dí, kúlà ìrẹsì wọn sì gbọ́dọ̀ ti wà lórí tábìlì. Àbúrò mi, Tájù, ọmọ ọdún mẹ́fà, kò fìgbà kan rí ìbọ̀sẹ̀ ara rẹ̀ rí láyé. Gbogbo ariwo wọ̀nyí, orí ìyá mi ló ń já sí, kí ìyá mi tó wá jókòó ti máṣìn ìránṣọ wọn, kí wọ́n máa tẹ̀ ẹ́ títí di alẹ́.

Sùtánà ni ìyá mi ń rán. Ọmọ ìjọ aláṣọ funfun ni wọ́n, àwọn ọmọ ìjọ wọn láti Ajah títí dé Elékọ̀ ló sì ń gbé aṣọ wá fún wọn. Mùsùlùmí ni bàbá mi àti Ìyá Ẹ̀pẹ́, àmọ́ ẹnikẹ́ni kì í jà lórí ẹ̀sìn nílé wa. Orí oúnjẹ la ti ń jà. Òfin kan wà nínú ìjọ ìyá mi tí gbogbo ọgbà mọ̀: ẹni tó bá ti wọ sùtánà kì í wọ bàtà. Ìbáà jẹ́ ẹrẹ̀, ìbáà jẹ́ ọ̀dà tí oòrùn ti gbóná, ẹsẹ̀ òfìfo ni. Òfin kejì kò sí nínú ìwé kankan, ilé wa ló ṣe é: ẹni tó bá ti wọ sùtánà, a kì í rán an níṣẹ́. Ìyá Ẹ̀pẹ́ ló dá ìyẹn sílẹ̀. Wọ́n ní àwọn ò lè torí ògì bá Ọlọ́run du èèyàn. Ọjọ́ Sunday nìkan nìyẹn sì máa ń ṣe ìyá mi láǹfààní.

Ilé ìwòsàn ni ọ̀rọ̀ eré sísá yìí ti bẹ̀rẹ̀. Orí ń fọ́ ìyá mi fún ọjọ́ mélòó kan, wọ́n mú mi dání lọ kí n lè bá wọn gba ipò lórí ìlà. Nọ́ọ̀sì kan wé aṣọ mọ́ wọn lápá, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i, ó wò ó, ó tún un ṣe, ó pe ẹnìkejì rẹ̀ kó wá wò ó. Ó ní, "Mọ̀mí, ẹ̀jẹ̀ yín ń ru o. Ẹ ó máa lo oògùn, ẹ ó dín iyọ̀ kù, ẹ ó sì máa sáré díẹ̀díẹ̀, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lójúmọ́." Ó sọ ọ́ bí ẹni pé ọgbọ̀n ìṣẹ́jú wà nínú dúrọ́ọ̀ tábìlì rẹ̀, kó kàn fà á yọ fún wa. Nínú kẹ̀kẹ́ tó gbé wa padà, ojú títì nìkan ni ìyá mi ń wò. Mo ti wá mọ ohun tí wọ́n ń rò báyìí. Ìyá tó bí wọn, irú ẹ̀jẹ̀ ríru yìí ló dá a wó, tí apá àti ẹsẹ̀ ọ̀tún rọ. Ọdún mẹ́ta ló fi wà lórí ẹní, ìyá mi sì ni ó ń yí i lọ́tùn-ún tó ń yí i lósì, tó ń fi ṣíbí bu ògì sí i lẹ́nu, títí tí ọlọ́jọ́ fi dé. Nígbà tí a sọ̀kalẹ̀, ìyá mi dì mí lọ́wọ́ mú. "Bùkọ́lá, mi ò ní í dùbúlẹ̀ fún yín. Ẹ ò ní í yí mi." Mo dàgbà tó báyìí láti mọ̀ pé ẹ̀rù ló ń bà wọ́n. Lọ́jọ́ náà, mo kàn rò pé agídí ni, mo sì ní kí wọ́n ra gúgúrú fún mi.

Wọ́n ra bàtà kánfáàsì kan lọ́jà, tòkunbọ̀, aláwọ̀ ewé. Ọjọ́ kejì, wọ́n jí kí ìpè àdúrà tó wọlé, wọ́n dè é mẹ́sẹ̀, wọ́n di gèlè mọ́rí gírígírí, wọ́n dé ẹnu ọ̀nà. "Ìyá Bùkọ́lá," bàbá mi ké láti inú yàrá, "kúlà mi dà?" Kí wọ́n tó dáhùn, Ìyá Ẹ̀pẹ́ ti wúkọ́, "Ìyàwó, ògì ńkọ́?" Tájù náà jí, ó ní òun ò rí ìbọ̀sẹ̀ òun. Mo ṣì ń rí ìyá mi bí wọ́n ṣe bọ́ ẹsẹ̀ kan bàtà sílẹ̀, tí ìkejì ṣì wà lẹ́sẹ̀ wọn, tí wọ́n wá ń po ògì báyẹn bí ẹni tí kò mọ̀ bóyá òun ń lọ ni tàbí òun ń bọ̀. Kí wọ́n tó ṣe tán, oòrùn ti là, oníbàárà kan ti wà lórí bẹ́ǹṣì. Wọ́n sáré yí ọgbà po ní ẹ̀ẹ̀mẹta péré, wọ́n sì já okùn tí ìyàwó ayálégbé kejì sá aṣọ sí. Obìnrin náà ń ṣa aṣọ rẹ̀ nílẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń gbọn iyanrìn wọn sójú afẹ́fẹ́. Ìyá Ẹ̀pẹ́ ló sọ̀rọ̀. "Ìyàwó, ẹsẹ̀ tí o fi ń tẹ máṣìn láti òwúrọ̀ dalẹ́ yìí, ṣé kì í ṣe eré ni? Ìwọ tí o ti sáré dé Èkó tí o sì padà lórí àga." Bàbá mi rẹ́rìn-ín. Ìyá mi náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín tiwọn ò dé ojú.

Ó di pé ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n máa sá a. Bàbá mi ní kò burú, ṣùgbọ́n obìnrin ilé ọkọ kì í dá sáré lójú títì, kí aráyé má baà ní àwọn ló lé e jáde. "Bùkọ́lá, máa bá ìyá ẹ lọ." Bẹ́ẹ̀ ni ìyà tiwọn ṣe di tèmi. Èmi ni mò ń gbé ike omi, èmi ni mò ń mú fóònù dání, èmi ni mò ń tẹ̀lé wọn pẹ̀lú sílípáàsì, tí iyanrìn ń wọ̀ mí láàárín ọmọ ìka ẹsẹ̀, tí àwọn ẹgbẹ́ mi sì ń ṣeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ odi. Ẹ bi mí léèrè bóyá ó dùn mọ́ mi. Ó sú mi dé ọ̀fun. Ìyá mi kì í sì í sáré bí èèyàn gidi. Wọ́n ń kó ìró wọn dání lápá kan, wọ́n ń fi ọwọ́ kejì kí èèyàn. "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Ẹ kú ọjà o. Ilé ńkọ́?" Ẹni tó ń sáré tó tún ń béèrè ilé!

Ọjọ́ tó wá bàjẹ́ ni ọjọ́ tí a gba ojú ọ̀nà ọjà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ Ṣàngótẹ̀dó mọ̀ pé àwọn tó pàtẹ sí etí títì ń fi ojú kan tajà ni, ojú kejì ń ṣọ́ àwọn òṣìṣẹ́ káńsù tó máa ń kó ọjà wọn lọ. Ìyá mi yọ láti kọ̀rọ̀, wọ́n ń sáré bọ̀, gèlè ti ṣẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, èmi náà ń sáré lẹ́yìn wọn, mò ń pariwo pé kí wọ́n dúró dè mí. Ọkùnrin kan tó ń ta ṣẹ́ẹ̀tì tòkunbọ̀ rí wa, kò béèrè nǹkan kan, ó fa tapólì rẹ̀ ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó gbé e kọ́ èjìká, ó di eré. Ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ sáré. Ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni yẹn náà sáré. "Káńsù! Káńsù ń bọ̀!" Tòmátò dà sílẹ̀, wọ́n tẹ ọsàn mọ́lẹ̀, ìyá kan gbé ọmọ ọlọ́mọ. Nígbà tí ìyá mi rí i pé gbogbo ọjà ń sáré, ẹ̀rù ba àwọn náà, wọ́n fi eré kún eré. A sáré dé iwájú mọ́ṣáláṣí kí ọkùnrin oníṣẹ́ẹ̀tì tó bojú wẹ̀yìn, tó ń mí hẹlẹhẹlẹ. "Mọ̀mí, ibo ni wọ́n dé?" Ìyá mi ní, "Àwọn wo?" Ó ní, "Àwọn tó ń lé yín!" Ìyá mi ní, "Kò sẹ́ni tó ń lé mi o. Nọ́ọ̀sì ló ní kí n máa sáré." Èpè tí àwọn ọlọ́jà ṣẹ́ fún nọ́ọ̀sì náà ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, n kò lè kọ ọ́ síbí.

Àwọn ọmọ kíláàsì mi mẹ́ta wà níbẹ̀. Láti ọjọ́ kejì, bí mo bá ti yọ lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì, ẹnì kan á ké pé, "Káńsù ń bọ̀!" gbogbo wọn á kó ìwé wọn mọ́ra, wọ́n á fọ́n sẹ́yìn kíláàsì, wọ́n á máa rẹ́rìn-ín títí tíṣà á fi dé. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko. Mo bẹ ìyá mi pé kí wọ́n jẹ́ kí n jókòó sílé, wọ́n ní bàbá mi ò ní jẹ́ kí wọ́n lọ bí n kò bá bá wọn lọ. Mo bẹ bàbá mi, wọ́n ní ìyá ẹni kì í ti èèyàn lójú. Kò sí ẹni tó gbọ́ tèmi. Bí mo ṣe ń wí yìí náà ni inú ṣì ń bí mi sí ọ̀rọ̀ náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ohun tí mo ṣe lẹ́yìn rẹ̀ kò ṣeé gbèjà.

Ẹ̀yìn ń dun Ìyá Ẹ̀pẹ́ nígbà náà. Ìyá mi fi aṣọ tó ṣẹ́kù rán tìmùtìmù ńlá kan fún wọn láti máa jókòó lé nínú pálọ̀, wọ́n fi ẹnu rẹ̀ sílẹ̀ ní àìrán, wọ́n ní kí n ki ìrépé aṣọ kún un, kí n sì fọwọ́ rán an pa. Iṣẹ́ mi ni, mo sì mọ̀ ọ́n ṣe. Mo jókòó ti àpò ìrépé funfun náà lọ́sàn-án Sátidé, bàtà aláwọ̀ ewé yẹn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, ó ń wò mí. Mo wò ó. N kò ronú rẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mejì. Mo ki ọ̀kan sí àárín, mo ki ìkejì tẹ̀lé e, mo kó ìrépé bò wọ́n, mo sì rán an pa. Inú mi dùn, mi ò ní í purọ́.

Ní ìrọ̀lẹ́, ìyá mi wá bàtà títí. Wọ́n wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, wọ́n wo inú agbọ̀n aṣọ ìdọ̀tí, wọ́n bi àwọn ayálégbé léèrè. Bàbá mi ní bóyá ajá ló gbé e. Ìyá Ẹ̀pẹ́, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jókòó sórí tìmùtìmù wọn tuntun, tún ìdí jókòó lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n ní, "Tìmùtìmù yìí le o." Lẹ́yìn náà wọ́n ní, "Ìyàwó, Ọlọ́run ló ní kí o sinmi." Ìyá mi dúró láàárín pálọ̀, wọ́n wo ilẹ̀, wọ́n wo tìmùtìmù, wọ́n wò mí. Mo wo Tájù. Wọ́n ní, "Ó dáa," wọ́n sì lọ gbé oúnjẹ alẹ́ kaná. Mo sùn dáadáa lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo rò pé mo ti bọ́.

Ní òwúrọ̀ Monday, kí búùtà Ìyá Ẹ̀pẹ́ tó dún, ìyá mi jáde láti yàrá nínú sùtánà funfun, okùn pupa ní ìbàdí, ẹsẹ̀ òfìfo. Bàbá mi ya ẹnu láti béèrè kúlà, wọ́n rí sùtánà, wọ́n pa ẹnu dé. Ìyá Ẹ̀pẹ́ yọ orí, wọ́n rí sùtánà, wọ́n ní, "Ìyàwó, ẹ bá wa gbàdúrà o." Tájù ní òun ò rí ìbọ̀sẹ̀ òun, bàbá mi gbá a lórí pé ṣé kò rí i pé ìyá rẹ̀ ń lọ sílé Ọlọ́run ni. Géètì dún. Ìyá mi ti lọ. Wọn ò pè mí pé kí n tẹ̀lé wọn, nítorí obìnrin tó wọ sùtánà kì í wá ẹ̀ṣọ́. Mo na ara lórí ẹní, mo ní ìyà mi ti tán. Ìgbà náà ni ohùn Ìyá Ẹ̀pẹ́ wọlé: "Bùkọ́lá, dìde. Ta lo fẹ́ kó po ògì?"

Ẹ wá wo ayé mi. Èmi tí mo fi bàtà pamọ́ kí n lè sinmi, èmi ni mo wá ń jí ní òru fẹ̀ẹ́rẹ́ lójoojúmọ́, tí mò ń po ògì, tí mò ń bu ìrẹsì sí kúlà, tí mò ń wá ìbọ̀sẹ̀ ọmọ tí kò nítìjú. Ògì mi ń dì kókó. "Ògì yìí ti bímọ," ni Ìyá Ẹ̀pẹ́ máa ń sọ. Gbogbo ilé gbà pé ìyá mi ń jẹ́ ẹ̀jẹ́ kan ni ní ṣọ́ọ̀ṣì, bóyá ti ọlọ́jọ́ mọ́kànlélógún. Nígbà tó kọjá mọ́kànlélógún, wọ́n ní bóyá ogójì ni. Ìyá mi kì í sọ nǹkan kan. Wọ́n á padà dé, òógùn á ti mu ọrùn sùtánà, wọ́n á bu omi sẹ́sẹ̀, wọ́n á wọ yàrá. Orin ni wọ́n wá ń fi tẹ máṣìn. Ojú wọn mọ́ ju bó ṣe wà lọ. Mo sì ń rí wọn nígbà míì ní ẹ̀yìn ilé, tí wọ́n fi abẹ́rẹ́ ń yọ nǹkan ní àtẹ́lẹsẹ̀, bóyá ẹ̀gún, bóyá èérún ìgò. Bí mo bá ti rí i, màá yí ojú padà.

Ọ̀sẹ̀ karùn-ún, ní òwúrọ̀ Sátidé, alàgbà ìjọ wọn kan ilẹ̀kùn wa. Ìyá mi ò tíì dé. Bàbá mi gbé àga fún un, Ìyá Ẹ̀pẹ́ wà lórí tìmùtìmù, èmi wà nídìí ògì. Alàgbà náà ti ọ̀fun, ó ní, "Ẹ má bínú pé mo yọjú láàárọ̀. Ìyá kan wá bá wa ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ní òun ń wá wòlíì obìnrin tó ń sáré kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù òun láràárọ̀, pé láti ìgbà tó ti ń kọjá ni ọjà òun ti ń yá, òun fẹ́ kó ríran sí òun. A ò ní wòlíì tó ń sáré. Bí ó ṣe júwe ẹni náà la fi ro Sìsítà wa." Bàbá mi wo alàgbà, wọ́n wo ìyá wọn, wọ́n wò mí. Ìgbà náà gan-an ni géètì dún, tí ìyá mi wọlé, tí wọ́n ń tiro, tí wọ́n fi ọwọ́ kan di ògiri mú.

"Ìyá Bùkọ́lá," ni bàbá mi wí, "ṣé irọ́ lo ti ń pa fún wa ni?"

Ìyá mi kí alàgbà ná. Lẹ́yìn náà wọ́n dìde dúró dáadáa. "Irọ́ wo, Bàbá Bùkọ́lá? Mo ń dé ṣọ́ọ̀ṣì lójoojúmọ́ tí Ọlọ́run dá. Mo ń kúnlẹ̀ lẹ́nu géètì, mo ń forí kanlẹ̀, mo ń padà. Ọ̀nà tó jìn ni mo kàn ń gbà, mo sì ń sá a. Ta ló bi mí léèrè ọ̀nà?" Wọ́n fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu òógùn ojú wọn. "Oṣù mẹ́ta ni mo fi tọrọ ọgbọ̀n ìṣẹ́jú nínú ilé yìí. Mo tọrọ ẹ̀ láàárọ̀, ẹ ní kúlà, ẹ ní ògì. Mo tọrọ ẹ̀ nírọ̀lẹ́, ẹ ní kí laráyé máa wí. Ẹ mọ ohun tó pa ìyá mi. Gbogbo yín lẹ mọ̀. Ọjọ́ tí mo wọ aṣọ yìí nìkan ni ẹnikẹ́ni ò pè mí padà lẹ́nu ọ̀nà. Ṣé ẹ̀bi tèmi ni pé Ọlọ́run nìkan lẹ ń bẹ̀rù?"

Alàgbà ní, "Sìsítà, àmọ́ aṣọ mímọ́…" ó sì wo ilẹ̀. Gbogbo wa wo ilẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ti tò láti ẹnu ọ̀nà dé ibi tí ìyá mi dúró sí, ìgbátí sùtánà wọn ti pọ́n. Ìgò ti gé wọn lẹ́sẹ̀. Bàbá mi dìde. Orógùn bọ́ lọ́wọ́ mi. Ẹ̀bi bò mí dé orí.

"Bùkọ́lá," ni Ìyá Ẹ̀pẹ́ wí, "gbé sísọ́ọ̀sì ìyá ẹ fún mi." Mo gbé e fún wọn. Wọ́n dìde kúrò lórí tìmùtìmù, wọ́n kúnlẹ̀ tì í, wọ́n sì gé e láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ìrépé funfun dà sí gbogbo ilẹ̀. Wọ́n ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, wọ́n fa ẹsẹ̀ kan bàtà aláwọ̀ ewé yọ, wọ́n gbé e kalẹ̀, wọ́n fa ìkejì.

"Haà!" Tájù ní. "Bàtà Màámi!"

Bàbá mi ní, "Màámi, ẹ̀yin lẹ fi í síbẹ̀?"

"Èmi kọ́. Èmi ni mo jókòó lé e." Ìyá Ẹ̀pẹ́ ò wo apá ibi tí mo wà rárá. "Ṣé ẹni tó fìdí lé nǹkan fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún ò ní mọ ohun tó jókòó lé ni? Láti alẹ́ ọjọ́ kìíní ni mo ti fọwọ́ kan gìgísẹ̀ ẹ̀. Inú mi dùn. Mo ní ìyàwó mi á jókòó, ògì mi á máa gbóná. Nígbà tó wá ń jáde lẹ́sẹ̀ òfìfo, ojú tì mí láti sọ ọ́. Ìyàwó, dákun, foríjì mí." Ìyá Ẹ̀pẹ́, tí mi ò rí kí wọ́n tọrọ àforíjì lọ́wọ́ èèyàn rí, wọ́n kó bàtà náà lé ìyá mi lọ́wọ́. "Láti ọ̀la, èmi ni n ó máa po ògì mi." Bàbá mi ní ó dáa, àwọn náà lè bu ìrẹsì sí kúlà fúnra wọn, wọ́n sì sọ ọ́ bí ẹni tó fi ilẹ̀ tọrẹ. Alàgbà mu omi, ó ní kí Sìsítà máa wọ bàtà sáré, kí ó fi sùtánà sílẹ̀ fún ìsìn, ó sì tètè wá ọ̀nà lọ.

Èmi ni mo fi omi gbígbóná àti iyọ̀ wẹ ẹsẹ̀ náà lọ́sàn-án. Omijé ń kán sínú omi. Mo ní, "Màámi, èmi ni mo…"

"Mo mọ̀."

Mo gbé ojú sókè.

"Ẹnu tìmùtìmù tí mo fi sílẹ̀ kí o rán kò ju ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan lọ," ni ìyá mi wí. "O tú u dé ìlọ́po mẹ́ta, o wá rán an wúruwùru bí ẹni tí ajá ń lé. Kí ni ìrépé aṣọ fẹ́ fi irú ilẹ̀kùn yẹn ṣe? Alẹ́ ọjọ́ yẹn náà ni mo ti rí i."

"Kí ló wá dé tẹ́ ò yọ ọ́?"

"Tí mo bá yọ ọ́, màá wọ̀ ọ́, màá dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n á pè mí. Bàtà yẹn ò gbé mi kọjá géètì láàárọ̀ rí, Bùkọ́lá." Iyọ̀ ta wọ́n, wọ́n fa ẹsẹ̀ sẹ́yìn. "Àmọ́ tó o bá tún fi bàtà mi pamọ́, ìwọ gan-an ni màá rán mọ́nú tìmùtìmù." Gbogbo wọn ló mọ̀! Ọ̀sẹ̀ márùn-ún tí mo fi ń po ògì, tí ẹ̀rí ọkàn ń jẹ mí lójú oorun, ìyá méjèèjì mọ̀, wọ́n ń wò mí. Ó bí mi nínú ju ẹgba lọ.

Ògì Ìyá Ẹ̀pẹ́ máa ń jóná. Wọ́n ń mu ún, wọ́n ní ó dùn, ẹnikẹ́ni ò sì gbọdọ̀ sọ̀rọ̀. Ìyá mi ń sáré wọn. Nígbà tí a padà lọ sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì, ó ní ẹ̀jẹ̀ ti ń wálẹ̀, ó bi wọ́n léèrè bóyá ó nira láti rí àyè. Ìyá mi wò ó títí, wọ́n ní, "Ọmọ mi, kò nira."

Èmi náà ti bí méjì báyìí, Ajah ni mò ń gbé. Ọkọ mi ń jáde ní ìdájí, àwọn ọmọ mi ò mọ ibi tí ìbọ̀sẹ̀ wọn wà, iṣẹ́ tèmi ò sì dúró de ẹnì kan. Lóṣù tó kọjá, orí fífọ́ gbé mi dé ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì, ó wé aṣọ mọ́ mi lápá, ó wò ó, ó pe ẹnìkejì rẹ̀. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, òun náà ló wí. Mo sọ ọ́ fún ìyá mi lórí fóònù, mo fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ ni, mo ní ibo ni kí n ti rí i. Ìyá mi ò rẹ́rìn-ín. Ní aago márùn-ún òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n ń kan géètì wa. Kẹ̀kẹ́ àkọ́kọ́ ni wọ́n bá wá láti Ṣàngótẹ̀dó, pẹ̀lú ọjọ́ orí wọn, wọn ò sì tíì dùbúlẹ̀ fún wa lọ́jọ́ kan. Mo ní, "Màámi, kí lẹ tún wá ṣe báyìí? Ògì wà lórí iná, àwọn ọmọ ò tíì wẹ̀, bàbá wọn…" Wọn ò jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀. Wọ́n gba orógùn lọ́wọ́ mi, wọ́n fi ẹsẹ̀ ti bàtà kánfáàsì tuntun kan síwájú mi, okùn rẹ̀ ti wà ní títú. Mo ṣì ń bínú, mo ṣì ń ṣàlàyé, nígbà tí wọ́n gbé ojú sókè wo aago ara ògiri.

"Ó ku ìṣẹ́jú mọ́kàndínlọ́gbọ̀n," ni wọ́n wí.